Ife Kìíní, Ti Ilẹ̀ Ni

Dà á nù! Bísí, mo ní kí o da ife yẹn nù! Kí lò ń wò mí sí? Gbé e lọ sẹ́yìn ilé, kí o dà á sílẹ̀.

"Mama, na this one strong pass o! I wan keep am for Ese papa."

Ẹ gbọ́ ọmọ ọmọ mi. Ó ní èyí ló le jù, òun fẹ́ fi pamọ́ fún bàbá Ese, bàbá ọkọ àfẹ́sọ́nà ẹ̀, tó ń bọ̀ wá tọrọ ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé! Ó lọ ra páìpù kọ́pà ní Deco Road, ó gbé ẹmu kaná lórí gáàsì nínú ilé ìdáná wa ní Edjeba níbí, ó ní òun ń ṣe ògógóró bíi ti ìyá àgbà òun. Ó dáa. Ṣé o bi ìyá àgbà ẹ léèrè?

Gbé ife yẹn sílẹ̀. Jókòó.

Nígbà tí egungun mi ṣì rọ̀, etí omi là ń gbé, àwa Ìlàjẹ. Ẹmu ògùrọ̀ la fi ń ṣe é. A ó fi í sílẹ̀ kó kan dáadáa, a ó rọ ọ́ sínú àgbá, a ó dáná igi sábẹ́ ẹ̀. Páìpù á gba inú ọkọ̀ ojú omi àjákù kan kọjá, ọkọ̀ tí a ti pọn omi odò kún. Omi tútù yẹn ló ń sọ ooru di ọtí. Tó... tó... tó... Èéfín á bo odò, kùrukùru òwúrọ̀ á dà pọ̀ mọ́ ọn, o ò ní mọ èyí tó jẹ́ omi, o ò ní mọ èyí tó jẹ́ ọ̀run. Àwọn ọkọ̀ á máa kọjá bí ẹni pé ojú àlá ni wọ́n ti ń bọ̀. Títí dòní, bí mo bá dijú, ibẹ̀ ni mo ń lọ. Gáàsì wo ló lè ṣe ìyẹn?

Ife kìíní tó bá kán, ìyá mi á dà á sílẹ̀. Gbogbo ìgbà. "Ti ilẹ̀ ni," ló máa ń wí. "Ṣe é bí o ṣe bá a." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló ń bi àgbà ní ìdí ọ̀rọ̀ nígbà yẹn?

Ìyá mi kú, mo gba àgbá. Mo tún gba ìrìbọmi. Wòlíì wa ní, "Ìyá Fẹ́mi, ẹni tó bá ń ta ọtí sílẹ̀, òrìṣà ló ń bọ." Ẹ̀rù bà mí. Ọkùnrin yẹn ò mọ bí a ṣe ń pọn ọtí, èmi náà ò bi í. Mo kàn ṣíwọ́ ni. Mo wá ń da ife kìíní sínú ìgò kan, lójoojúmọ́. Mo tọ́ ọ wò, ó ta bí iná. Mo ní, háà, èyí tó dára jù ni ìyá mi ń fún ilẹ̀ mu! Ọkọ mi ni màá fún.

Bàbá àgbà ẹ ti ojú omi dé, òtútù ń mú un. Mo gbé ìgò fún un. Èmi fúnra mi. Ó mu ún, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Fẹ́mi, èyí ò lẹ́gbẹ́!"

Ó sùn di ọjọ́ kejì. Nígbà tó jí, ó ní, "Ìyá Fẹ́mi, ṣí fèrèsé." Fèrèsé ti ṣí... Oòrùn wà lórí ẹní, ó wà lójú ẹ̀ gan-an. "Ṣí i, jọ̀ọ́. Kùrukùru tòní mà pọ̀ o." Mo lọ ti fèrèsé, mo tún un ṣí, kó lè gbọ́ ọ. Kí ni ǹ bá ṣe?

Nọ́ọ̀sì ló là á yé mi: oró tó ń fọ́ni lójú ló ń kọ́kọ́ jáde, kí ọtí gan-an tó tẹ̀lé e. Ìyá mi mọ̀ ọ́n, kò mọ orúkọ ẹ̀ ni.

"But Daddy talk say na salt water spoil Grandpa eye."

Pé omi iyọ̀ ló fọ́ òun lójú, ohun tí bàbá àgbà ẹ sọ fún bàbá ẹ nìyẹn. Ó parọ́ fún gbogbo yín nítorí mi, títí wọ́n fi sin ín.

Ẹn-ẹ́n, dà á síbẹ̀. Má dà á sí ìdí ewébẹ̀ mi. Ẹ̀yin tòní ń bi fóònù ní gbogbo nǹkan, kò burú, ẹ bi í. Ẹ bi àgbà náà. Àgbà tí ẹ bá bi, kó yáa dáhùn.

Èmi ni mo fi ife pamọ́. Ojú ọkọ mi méjèèjì ló bá a lọ.