Ẹ̀kọ́ Jíjókòó Ti Ọmọ

Ẹ̀yin ará, ǹjẹ́ ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá ti gbèjà ọmọ lọ́dọ̀ bàbá náà fúnra rẹ̀? Mo rí i nínú kẹ̀kẹ́ tó ń ti Olúpọ̀nnà bọ̀ ní Ìwó, níbi tí ọ̀dọ́bìnrin kan ti ń bẹ bàbá rẹ̀, àgbà ààfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, pé kó jẹ́ kí òun padà sí yunifásítì.

"Gbogbo ìwé tí o ti kà lórí ìrònú ẹ̀dá kò tíì tó?"

"Kò tó, Bàbá. Ó ku ìwé ọdún méjì, àti ọdún kan tí n óò fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá ní ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n tó fún mi níwèé àṣẹ láti máa tọ́jú ọkàn akẹ́kọ̀ọ́."

"Ta ló fún èmi níwèé àṣẹ? Ọmọ tí wọ́n mú wá bá mi láti ìlú Kuta, tí wọ́n ní ó yadi ńkọ́, ta ló mú un sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni. Báwo lẹ ṣe ṣe é?"

"Mo jókòó tì í. N kò bi í ní nǹkan kan. Bí mo bá ń fọ wàláà, pátákó tí a fi ń kéwú, òun náà á máa fọ tirẹ̀, títí ó fi kí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan."

Mo jókòó tì í: gbólóhùn yẹn kò tíì kúrò létí mi.

"Ọdún mélòó lẹ fi kọ́ irú ìjókòó yẹn lọ́dọ̀ ààfáà yín?"

"Mọ́kànlá."

"Mẹ́ta péré lèmi ń tọrọ, Bàbá mi."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí awakọ̀ fi bojú wẹ̀yìn. "Ọmọ yìí, o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lórí mi."

Kí a tó wọ Ìwó, ó ti yọ̀ǹda fún un.