Ọjọ́ Tí A Fi Àìsàn Ṣeré

Ẹ fi orin yẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ jókòó. Ẹ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí ẹnikẹ́ni má wọlé wá gẹrun. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbé mì láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì, inú mi ò sì gbà á mọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Òní lọjọ́ náà. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi ti rẹ̀, pé kí n yáa máa palẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù ikú ló ń lé mi sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ ṣe lójú mi lánàá ni.

Ẹ wá sọ fún mi pé ìjọba tún fẹ́ ti ilé ìwòsàn àdúgbò wa pa, pé wọ́n ní èrò ò wá síbẹ̀ tó, àti pé àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ ní ọ̀la yìí. Mo ní a ò ní gbà. Lẹ́yìn náà lẹ ní kí n wo ọgbọ́n tí ẹ fẹ́ ta: ẹ ó kó àwọn tí ara wọn le kún orí bẹ́ǹṣì, olúkúlùkù á máa díbọ́n pé ara òun ò yá. Ìwọ ọmọ bírikìlà, ìwọ tí o jẹ́ olórí wọn, lo bọ́ sáàárín, o di àyà mú, o ń mí hẹlẹhẹlẹ. O ní kò nira fún ọ, pé ikọ́ fée tí o jogún lára ìyá rẹ ti kọ́ ọ. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo ṣubú lórí àga, ẹ rò pé àìsàn mi ni. Rárá o. Ìyá rẹ ni mo rí.

Ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ dá ọgbọ́n yẹn. Inú ṣọ́ọ̀bù yìí la ti dá a, èmi sì ni olórí. Ìjọba fẹ́ ti ilé ìwòsàn náà pa nígbà náà lọ́hùn-ún pẹ̀lú, wọ́n tilẹ̀ ti kó dókítà wa lọ. A ṣe ìwọ́de títí ẹsẹ̀ wa wú, kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn. Ìyá aránṣọ tó wà lódìkejì títì, tó jẹ́ igbákejì mi, ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá ní ibẹ̀ ò lérò, ẹ jẹ́ ká bá wọn wá èrò." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. A pín àìsàn bí ẹni pín iṣẹ́ ilé fáwọn ọmọ: ẹ̀yìn ríro fún ẹni tó sanra, inú rírun fún ẹni tó mọ ẹkún sun. Nígbà tó kan ìyá rẹ, ó ní, "Ẹ fún èmi ní àìlèmí. Mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ, òun ló bá mi dàgbà." Ó sì ṣe é fún wa wò. Ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé Ìyá aránṣọ sáré lọ bu omi, ni ìyá rẹ bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín ni ìyá rẹ.

Kí ojú wa má bàa ti wá, a kun yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró ní ọ̀dà tuntun ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀. Èmi ni mo po ọ̀dà náà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, òórùn rẹ̀ ṣì ń ta èèyàn nímú, síbẹ̀ mo ní kí wọ́n pa fèrèsé dé kí eruku má bàa bà á jẹ́. Ẹ ò rí òmùgọ̀. Mo tún ṣòfin pé ẹnì kankan ò gbọdọ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì, kò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn nọ́ọ̀sì, títí àwọn àlejò wa á fi dé. Nọ́ọ̀sì àgbà mọ̀ sí i. Ó ní, "Tí aláìsàn gidi bá wá, ẹ tètè pè mí o." Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo mọ gbogbo wọn.

Ìyá rẹ jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń fi ìgúnpá gún ara wọn, wọ́n ní ó ti bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Ó dìde, ó fà mí láṣọ. "Ẹ̀gbọ́n," ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, "kì í ṣe eré o. Ọ̀dà yìí ni. Ẹ bá mi pe nọ́ọ̀sì." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kó o ṣe é tí wọ́n bá dé." Mo dá a padà síbi tó jókòó sí. Ibẹ̀ ni mo máa ń bá ọ̀rọ̀ náà dé tí mo bá ń sọ ọ́ fún ara mi: pé n ò mọ̀, pé àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ó tún dìde. Lọ́tẹ̀ yìí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mo wo ètè rẹ̀, ó ti ń dúdú. Kò sẹ́ni tó lè fi ètè díbọ́n. Mo mọ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo mọ̀. Mo ti na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn nọ́ọ̀sì nígbà tí mo gbọ́ ìró mọ́tò àwọn aláyẹ̀wò lẹ́nu géètì, ọkàn mi sì sọ pé: jẹ́ kí wọ́n bá a báyìí, kí wọ́n fojú ara wọn rí i, ìṣẹ́jú díẹ̀ ò lè pa á. Ni mo bá gbá a mú léjìká, mo tẹ̀ ẹ́ jókòó, mo sì dì í mú síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì yọrí síta, ó ní, "Ta ló ń mí báyẹn?" Èmi tí mo bímọ, mo ní, "Eré ni, ẹ wọlé, wọ́n ti dé." Ó ti ilẹ̀kùn padà. Ìyá rẹ ò bá mi jà. Ó kàn di ọwọ́ mi mú, ó ń wò mí, ẹnu yà á pé èmi ni mo ń ṣe é. Ẹnu ṣì ń ya èmi náà títí di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí àwọn aláyẹ̀wò wọlé, orí rẹ̀ ti tẹ̀ sí àyà mi.

Mo fi igbe ta. Mo ní wọ́n kó dókítà wa lọ, kí wọ́n wá wo ohun tí wọ́n fà. Nọ́ọ̀sì sáré gbé afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fà símú jáde. Inú yàrá rẹ̀ ló wà látàárọ̀, ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí bẹ́ǹṣì. Ó ṣe é títí, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé òkú lọ, ó ní, "Ká ní ẹ pè mí ni, kì bá tí kú. Kí ló dé tí ẹ ní eré ni?" Mo kúnlẹ̀, mo ní tó bá sọ ọ́ síta, wọ́n á ti ilé ìwòsàn pa lọ́la. Ó dákẹ́ nítorí tiyín. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì kí mi mọ́ láyé. Ìyá aránṣọ náà bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò rí ètè ẹ̀ ni?" Mo ní n ò rí i.

Àwòrán ìyá rẹ la gbé kiri ìgboro. Ojú ti ìjọba, wọ́n dá dókítà padà, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí àwọn tó kéré jù nínú yín. Bàbá rẹ dọ̀bálẹ̀ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù yìí, ó ní mo ṣeun tí mo di ìyàwó òun mú títí ẹ̀mí fi bọ́. Mo ní kó dìde. Mo sì gẹrun fún un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ilé ìwòsàn yẹn sílẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ojúlé dé ojúlé, ẹ kó àwọn aláìsàn gidi tó sùn sílé wá, wọ́n á kún bẹ́ǹṣì náà dẹ́nu. Ọjọ́ tí ìyà ẹnì kan bá ti wúlò fún ìjà yín, ẹ ti di ohun tí ẹ ń bá jà. Èmi fúnra mi máa sọ ohun tí mo ṣe fún àwọn aláyẹ̀wò lọ́la. Bí wọ́n bá torí rẹ̀ ti ibẹ̀ pa, ẹ kà á sí mi lọ́rùn.

Ìwọ ọmọ bírikìlà, mo tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ rẹ. Bí o kò bá lè fún mi, n ò ní béèrè ìdí. Bàbá rẹ á ti dé láti ibi iṣẹ́ báyìí, mo sì fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi. Máa lọ níwájú tí o kò bá fẹ́ bá mi rìn. Ẹsẹ̀ mi ò yá mọ́, ṣùgbọ́n mò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ.