Orúkọ Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Màmá Arúgbó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi, n kò sì lè gbé e wọ oṣù tó ń bọ̀.

Aṣọ ni mò ń tà nínú apátímẹ́ǹtì mi ní Sharpstown, ní ìlú Houston l'Amẹ́ríkà níbí. Ìyá Ṣadé lọ̀rẹ́ mi. A jọ dé Houston ni, ṣùgbọ́n òun kàwé, èmi ò kà. Bí òun bá rẹ́rìn-ín, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì á bá a rín in. Bí èmi bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ta ni mò ń bú. Ẹ jọ̀ọ́, ó máa ń dùn mí.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àwa obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ wo ilé olóko ìrèké kan tó ti wà láti ayé ẹrú, lẹ́yìn ìlú. Ilé funfun, òpó rẹ̀ ga fíofío. Àwọn amọ̀nà ibẹ̀ fi odidi wákàtí kan sọ ìtàn ṣíbí àti bẹ́ẹ̀dì olówó fún wa, bí ẹni pé ṣíbí ló gé ìrèké.

Màmá arúgbó kan, aláwọ̀ dúdú, ló mú wa dé ahéré àwọn ẹrú. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá ìyá òun sí. Ìyá Ṣadé kúnlẹ̀ kí i, ó sọ ọ́ ní Ìyábọ̀, pé ìyá ti padà wá. Màmá sunkún, ó dì mọ́ ọn, ó fi bírò kọ orúkọ náà sí àtẹ́lẹwọ́. Èmi náà kúnlẹ̀. Kò tiẹ̀ rí mi.

Ìyá Ṣadé wá yà lọ tọ̀. Èmi tí Gẹ̀ẹ́sì mi kì í kọjá kí n fi dá oníbàárà dúró, ọjọ́ yẹn ló já geere. Mo ní orúkọ ajá ni ọ̀rẹ́ mi sọ ọ́, pé nílé wa a máa ń fi orúkọ ajá bú ara wa. Ìkejì kì í ṣe irọ́. Ìkínní ni irọ́.

Màmá fi épírọ́ọ̀nù nu àtẹ́lẹwọ́ títí orúkọ náà fi parẹ́.

Láti ìgbà náà, Ìyá Ṣadé kọ lẹ́tà sí màmá títí, èsì ò dé.

Ó bi mí pé, "Ìyá Tọ́pẹ́, kí ni mo ṣe fún màmá yẹn?"

Mo ní, "Arúgbó ni. Ó ti gbàgbé ẹ."

Lóṣù tó ń bọ̀, a tún ń lọ síbẹ̀. Ó ra léèsì lọ́wọ́ mi láti fi bẹ màmá, ó ní kí n fi òwú kọ "Ìyábọ̀" sí etí rẹ̀. "Ìwọ ni mo mọ̀ tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ jù," ló wí. Mo ti kọ ọ́ tán. Ó wà lórí àga níwájú mi báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un ni, àbí kí n dúró kó gbọ́ ọ lẹ́nu màmá? Ẹ má ṣáà sọ pé kí n ṣàìsàn lọ́jọ́ náà. Mo ti ro ìyẹn.