Mo Kí I Kú Ewu, Mo sì Lé E Síta

Ẹ̀yin ará mọ́ṣáláṣí, ẹ má tíì dìde. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa ń bá a. Ti èmi Mùsílíù kò tó ọdún kan tó fi bá mi. Ẹ jẹ́ kí n tú u síta.

Ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ fáànù kan gbá Hàlímọ̀tù ìyàwó mi ní Old Kent Road ní London níbí, ó sì sá lọ. Títí dòní ló ń tiro. Ẹnìkan ní àwọn Traveller ni, àwọn òyìnbó tó ń gbé inú káráfáànù, ilé onítáyà, kiri. Mi ò béèrè ẹ̀rí. Mo ṣépè, mo dì wọ́n sínú. Ẹ sì mọ̀ pé káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ wa, ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n wá pàgọ́ sórí ilẹ̀ káńsù, mo ní, ọwọ́ ti tẹ̀ yín!

Kí káńsù tó gbàṣẹ ní kóòtù láti lé wọn, ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ wò bóyá aláìsàn tàbí ìkókó wà níbẹ̀. Bó bá wà, wọn a mú sùúrù. Èmi àti Kánsọ́lá, ọmọ Yorùbá tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n rán. Ìyá àgbà kan ṣílẹ̀kùn, mo rí Bethany ọmọ rẹ̀ tó gbé ìkókó sáyà. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti ní, “Ẹ kú ewu ọmọ o!” Ìyá náà béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní, bí a ṣe ń kí ẹni tó la ewu ìbímọ kọjá nìyẹn. Ó ní, “God bless you, sir.” Mo jáde. Kánsọ́lá tó dúró síta ní, “Uncle, ta ló bímọ? I heard ẹ kú ewu.” Mo ní, “Phone ni mò ń gbà jàre, àbúrò mi ló bímọ.” Mo wá sọ fún ọ̀gá wa pé kò sí ìkókó kankan. Ẹ wo ẹnu ìkà! Ẹnu kan náà ló kí ìyá ọmọ, òun náà ló ní ọmọ ò sí.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí a lé wọn, inú mi sì ń dùn. Ìyá àgbà náà tọ́ka sí mi, ó kígbe: “He saw the baby! Sir, tell them!” Mo wò ó lójú, mo ní, “I don't know you.” Ibi kan ò gbà wọ́n, ibòmíràn lé wọn. Otútù wọ ọmọ náà láyà, ó kú. Kánsọ́lá ló wá sọ fún mi. Ẹni tó gbá Hàlímọ̀tù ńkọ́? Ọlọ́pàá ti mú un. Ará Peckham níbí ni, kò sun inú káráfáànù rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ẹ̀san ṣe oúnjẹ. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́hun, bẹ́ẹ̀ Bethany gan-an ni mo ṣẹ̀. Àná ni Àmírà ọmọ mi bímọ. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo la ẹnu láti kí i kú ewu, mo tún pa á dé. Ó ní, “Daddy, ẹ ò ní kí mi ni?”