Ẹṣin Tó Ń Jẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́

Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀, Bàbá Khaleelah, ẹ gbé e sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ mi, torí fóònù yẹn náà ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀! Èmi ni mo fi fídíò ẹṣin ìṣeré ọmọ sínú gúrúùpù ẹbí ni? Èmi ni mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti yọkùn o," tí mo wá fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i? Ẹ dáhùn. Ẹ kàn jókòó síbẹ̀, ẹ ń ha irùngbọ̀n, àbúrò yín obìnrin tí ẹ fi ṣe ẹ̀fẹ̀ sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ Nàìjíríà, samedi, Sátidé yìí, ló ń lọ, samedi náà ló ní òun máa mú ọmọ mi dání lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá yín, pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń kọ́ láti gun ẹbí bàbá rẹ̀ bí ẹṣin, ilé ló yẹ ká ti tún un tọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà! Ọmọ tí kò tíì sùn síbi tí kò ti gbọ́ ohùn mi rí!

Ẹ̀yin wá ní "a ó máa wò ó." Kí la ó máa wò? Ẹ̀yìn ọkọ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yíjú, ẹ wò ó, òun náà rè é lórí tábìlì. Manège ni ọmọ ń pè é, èmi ń pè é ní ẹṣin ayípo, ẹ bá mi wò ó dáadáa, ẹ sọ fún mi ibi tí ẹ̀gàn wà níbẹ̀. Ta ló gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere wá láti ṣọ́ọ̀bù ní Adjamé? Ẹ̀yin ni! Ẹ̀yin lẹ ní kí n fi girísì sí ìdí rẹ̀ kó lè máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Èmi ni mo lọ bẹ àwọn ará ilé iṣẹ́ ní Yopougon pé kí wọ́n fún mi ní pákó róbótó tí wọ́n fi ń ká wáyà, tí mo gbé e lórí bí ẹni gbé àgbá omi, tí gbogbo inú bọ́ọ̀sì ń wò mí. Èmi ni mo tú agbòòrùn àtijọ́ fi ṣe òrùlé rẹ̀, èmi ni mo gbé sípíkà kékeré sábẹ́ rẹ̀, tí mo kọrin sínú káàdì, "ọkọ mi dúdú, ẹ kú àárọ̀ o, ọkọ mi pupa, ẹ kú àárọ̀ o," títí ohùn mi fi há. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ yí i, tí orin ń dún, tí ẹṣin ń lọ, ta ló pàtẹ́wọ́ ju ọmọ lọ? Ẹ̀yin náà ni!

Ẹ sì mọ ìdí tí mo fi ṣe é. Ẹ mọ̀ ọ́n! Pé nígbà ọlidé a ó mú Khaleelah dé ilé, ọmọ tó ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé Faransé ló fi ń dáhùn, tí wọ́n bá kí i, á ní "bonjour," á tún na ọwọ́. Mo ní kó tó dé iwájú ẹbí bàbá rẹ̀, kó ti mọ̀ wọ́n, kó mọ̀ pé dúdú nìyí, pupa nìyí, kó mọ bí a ṣe ń kí wọn. Kí ojú má tì í bó ṣe tì mí.

Àbí ẹ ti gbàgbé bí mo ṣe dé ilé yín? Treichville níbí, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ni wọ́n bí mi sí, kí ni mo mọ̀? Wọ́n fi omi wẹ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, mo wọlé, mo rí àbúrò yín ọkùnrin, inú mi dùn pé mo mọ ẹnì kan láàárín èrò, mo fi ẹ̀rín pe orúkọ rẹ̀. Háà! Àwọn ìyàwó ilé fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo rò pé ẹnì kan ló kú! Ta ló fà mí lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé? Ẹ̀yin kọ́ o, ẹ wà láàárín àwọn ọ̀rẹ́ yín. Àbúrò yín obìnrin ni. Òun tó ń bínú yìí. Ọmọ iléèwé ni nígbà náà, tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀, ó rọra sọ ọ́ sí mi létí pé, "Ìyàwó wa, gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sílé yìí kí ẹ tó dé, ọkọ yín ni, kódà kó ṣì máa rákò. Ẹ kì í pe orúkọ wọn. Ẹ wò wọ́n dáadáa, kí ẹ fún wọn ní orúkọ tó bá wọn mu." Mo wò ó, mo ní, ó dáa, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lẹ̀yin. Ó fò sókè, ó rẹ́rìn-ín! Òun ni orúkọ àkọ́kọ́ tí mo sọ nílé yín. Láti ọjọ́ náà, orúkọ tí bàbá yín sọ ọ́ kò gba ẹnu mi kọjá rí.

Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo máa fi ṣe yẹ̀yẹ́?

Mo ra ẹṣin ike mẹ́rin láti inú òkìtì ohun ìṣeré òkìrìkà lọ́jà. Mo kun ti Adúmáadán ní dúdú, mo fi òrí pa á kó máa dán. Ti Apọ́nbéporé, mo kùn ún ní àwọ̀ epo. Ti Eyínmẹ́nugún, mo fi ọ̀dà funfun ṣe eyín fún un títí ó fi dà bíi pé ẹṣin fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Mo kọ orúkọ wọn sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Irun tó ṣẹ́kù lára èyí tí mo ń dì fún àwọn oníbàárà mi ni mo fi ṣe gọ̀gọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ni mo di ní ṣùkú, tí mo fi ìlẹ̀kẹ̀ sí létí kọ̀ọ̀kan, tí ìka mi fi wú. Òun ni mo fi ṣíwájú. Gbogbo àwọn yòókù, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀!

Ikùn? Ike ni! Inú ẹ̀rọ kan náà ni gbogbo wọn ti jáde, gbogbo wọn ló níkùn! Adúmáadán náà níkùn, kí ló ṣe? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bá òun fa ìrù ẹṣin òun gùn sí i. Kò sẹ́ni tó rí ikùn kankan títí ẹ̀yin fi kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ yín sábẹ́ fídíò. Obìnrin tó bímọ mẹ́ta, tó sanra díẹ̀, tí aṣọ àná kò gbà mọ́, ó rí i níwájú gbogbo ẹbí pé òun yọkùn. Kò ní dùn ún? Bí wọ́n bá ṣe é fún èmi náà, màá sunkún. Ṣùgbọ́n kò lè bínú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyàwó ló máa bínú sí. Wọ́n ní èmi ni mo fi sí yín lẹ́nu. Ẹ̀yin sì ka gbogbo rẹ̀, ẹ kò kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan pé, "Èmi ni mo ṣe ẹ̀fẹ̀, kì í ṣe ìyàwó mi."

Màmá Inès aládùúgbò wa, tí kì í ṣe Yorùbá, ní kí n kàn nu orúkọ yẹn kúrò. Mo ní, Màmá Inès, ti ilé yín lè rí bẹ́ẹ̀, tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá nù ún, wọ́n á ní mo gba orúkọ padà lọ́wọ́ ọkọ, mo yọ ọ́ nínú ẹbí. Bí mo bá fi òmíràn dípò rẹ̀ ńkọ́? Kí n sọ ọ́ di Ìbàdíàrán? Ṣé kì í ṣe pé mo fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀fẹ̀ yín nìyẹn!

Mo ní ó dáa, kí n yọ ẹṣin náà kúrò pátápátá. Mo yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ dẹ̀gbẹ́, ó ń ha pákó, ó dúró. Orin ń dún, "ẹ kú àárọ̀ o, ẹ kú àárọ̀ o," ẹṣin ò lọ. Mo wá agádágodo ńlá kan, mo so ó síbẹ̀ kó lè dọ́gba. Ó yí! Ọmọ yín wọlé, ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Maman, pourquoi Tantie Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ est devenue cadenas?" Kí ló dé tí àǹtí òun fi di agádágodo. Ẹ wá dá a lóhùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ọmọ tí wọ́n ní kò lẹ́kọ̀ọ́ yìí, ní ìrọ̀lẹ́ àná, ó rí Bàbá Moucharafou tí a jọ ń gbé àgbàlá lẹ́nu géètì, ó kúnlẹ̀, ó ní "ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, sà." Kò sẹ́ni tó rán an. Bàbá arúgbó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Orin inú ẹṣin yìí ló kọ́ ọ.

Mo pe Màmá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣé ẹ rò pé n kò pè wọ́n? Mo kúnlẹ̀ nínú yàrá bíi pé wọ́n ń rí mi. Mo ní, Màmá, ọ̀rọ̀ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Wọ́n ní, "Má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní òun kò jẹ́ ẹ mọ́." Bàbá Khaleelah, ẹ gbọ́ nǹkan! Ó ní òun kò jẹ́ ẹ mọ́! Orúkọ tí bàbá yín sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi pé n kò gbọ́dọ̀ pè é. Èyí tí mo fún un, ó kọ̀ ọ́. Kí ni mo máa fi bẹ̀ ẹ́? Orúkọ wo ló kù lẹ́nu mi? Mo há!

Ẹ̀yin lẹ lè pè é. Kò sí ohun tó dí yín lẹ́nu. Ẹ gbé fóònù, ẹ pe orúkọ rẹ̀ bí ẹ ṣe ń pè é láti kékeré, ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ ṣe ẹ̀fẹ̀, pé ẹ ṣì í ṣe, pé òun ni ìyàwó yín fi ṣíwájú, kó fi ọmọ mi sílẹ̀ fún mi. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kò ju ìyẹn lọ.

Lọ́la? Rárá. Ọ̀la ni vendredi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni samedi.

Ẹ gbọ́ o. Wallahi, bó bá dé ẹnu ọ̀nà yẹn láti di ọmọ mi lọ́wọ́ mú, èmi náà á pè é. Orúkọ tí bàbá yín fi sọ ọ́ lójọ́ kẹjọ, ní gbangba, lójú gbogbo àgbàlá yìí, kí wọ́n wá wo ìyàwó tó pe ọkọ lórúkọ, kí ẹbí yín ṣe mí bó bá ṣe wù wọ́n. Ẹ ń wò mí? Ẹ rò pé n kò mọ̀ ọ́n pè? Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ni mo ti ń pè é nínú ikùn mi, tí mo ń pa ẹnu dé mọ́ ọn. Ó ti dé orí ahọ́n báyìí.

Ẹ gbé fóònù. Ẹ pè é kí n tó pè é.