Omi Àlùwàlá Lẹ́nu Sàlísù

Ẹ má wulẹ̀ ní kí n jókòó, Dókítà Gilbert, ìdúró tó mi. Àwọn tó wà níta lọ́hùn-ún ti ní kí n tò sẹ́yìn àwọn, mo ní eyín ló ń dùn yín, ọkàn ló ń dun èmi, ẹ jẹ́ n kọjá. Ẹ̀yin ni mo bá wá. Ẹ̀yin lẹ yọ eyín iwájú méjèèjì lẹ́nu Sàlísù àbúrò mi nígbà tó yọ̀ ṣubú lójú òkúta lọ́jọ́ òjò, ẹ̀yin náà lẹ sì wo ẹnu rẹ̀ lánàá tẹ́ ẹ ní eegun ti jó rẹ̀yìn, pé kò síbi tí wọ́n ó gbin eyín tuntun sí mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún ládánì, ẹni tí gbogbo Zongo, àdúgbò àwa Mùsùlùmí, ń fi ohùn rẹ̀ jí lọ kírun?

Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fi í lọ́kàn balẹ̀. Ẹ ní ọ̀gá yín tó máa ń ti Faransé wá sí Lomé ti kọ́ ọ̀nà tuntun kan, pé á fi irin kékeré sínú eegun bíi gbòǹgbò, á wá gbé eyín lé e lórí, kò ní mì, kò ní jábọ́. Ẹ ní ohun tó kù ni kí eegun má jó rẹ̀yìn kí ọ̀gá náà tó dé. Ẹ wá rọ́ oògùn funfun kan bí iyọ̀ sínú ihò eyín, ẹ ní ẹ̀jẹ̀ á dì mọ́ ọn, eegun á sì hù níbẹ̀. Àbí mo purọ́? Mo gbọ́ ọ. Ibí yìí ni mo dúró sí, mo bá a di fìlà rẹ̀ mú.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tẹ́ ẹ ò dárúkọ àlùwàlá? Ẹ ní kó má fi omi ṣan ẹnu, kó má tutọ́, ó dáa, ta ni ò mọ̀ pé Mùsùlùmí ń kírun? Ẹ̀yin ọmọ Ifẹ̀ ilẹ̀ Togo níbí tẹ́ ẹ dàgbà sílé ìwé àwọn fadá, ṣebí ẹ̀ ń rí wa lọ́jà Atakpamé, ẹ̀ ń rí bútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ wa, kí lẹ rò pé à ń fi omi inú rẹ̀ ṣe? Ẹsẹ̀ nìkan là ń fọ̀? Bá a bá ti fọ ọwọ́ tán, ẹnu ló kàn.

Ó dáa, ẹ sọ ọ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ sọ ọ́, ẹ ní omi èyíkéyìí. Sàlísù gan-an tún un sọ fún mi nígbà tílẹ̀ mọ́ tí mo gbé bútà síwájú rẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní ẹ̀gbọ́n mi, Dókítà ní n má ṣe é. Èmi Ràbíátù, ọmọ Alájì tó ti Ọ̀fà wá dó síbí, èmi ni mo ní kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ìwọ ládánì, ẹ̀jẹ̀ dídì lo fẹ́ kó sẹ́nu pe orúkọ Ọlọ́run? Mo ní Kátólíìkì ni dókítà, kí ló mọ̀ nípa nàjísì? Èmi ni mo tọ́ ọ lẹ́yìn ikú ìyá wa, kò lè já mi ní koro. Mo fọwọ́ ara mi da omi sí i ní àtẹ́lẹwọ́, mo ní ṣan án dáadáa, tún un ṣan. Nígbà tó tu ú sílẹ̀, mo rí i, Dókítà. Mo rí horo funfun yẹn nínú ẹ̀jẹ̀, mo ní àlùámúdùlíláhì, ìdọ̀tí ti jáde. Mo da omi lé e, ó ṣàn lọ.

Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣé irú omi tí mo dà yẹn náà ni wọ́n ń wí?

Ẹ jẹ́ n sọ tán. Mo ti lọ bá Lémọ́mù jà láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní Ràbíátù, ta lo bi léèrè? Wọ́n ní ẹ̀sìn ò ni aláìsàn lára, pé ẹni tí omi ò bá dáa fún á fi erùpẹ̀ ṣe tàyámọ́mù. Mo ní kí ló dé tẹ́ ẹ ò wá kí i nígbà náà kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Wọ́n ní àwọn wá, èmi ni mo dá àwọn dúró lẹ́nu ọ̀nà pé ara ti yá. Ẹ ò rí i bí gbogbo yín ṣe ń dà á padà sí mi lórí?

Eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ tó ṣeé fi padà tẹ́ ẹ ṣe fún un ò dúró, èrìgì ti rì. Jímọ̀ tó kọjá ní mọ́sálásí, bó ṣe forí kanlẹ̀ leyín náà jábọ́ sórí ẹní. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín lápá ibi tí àwa obìnrin wà, kí n tó mọ̀ pé Sàlísù ni. Ó rọra mú un, ó fi sápò, ẹlòmíràn ló sì ń pe ìrun láti ìgbà náà. Tí wọ́n bá ti pè é láàárọ̀, á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ètè rẹ̀ á máa bá wọn pè é, kò ní jẹ́ kí ohùn yọ síta. Kò bá mi jà. Ká ní ó tiẹ̀ bú mi ni, ǹ bá sùn. Ó ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí mi, ọwọ́ á wà lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tó gbé mi wá nìyí. Lánàá ẹ ní wọ́n máa ń bu eegun níbòmíràn dí ibi tó jó rẹ̀yìn. Ẹ bu tèmi. Àgbọ̀n mi rèé, ó nípọn, ẹ fọwọ́ kàn án. Ìyá kan ló bí wa, ọmú kan náà la mu. Kí ló dé tẹ́ ẹ ń mirí? Àfi tara òun fúnra rẹ̀? Kí ló tún máa wá kù lára rẹ̀ tẹ́ ẹ máa bù?

Ó dáa, mo gbọ́. Ẹ wá gba èyí. Bútà náà ni, láti ilé ni mo ti gbé e wá, abẹ́ ìborùn mi ló wà láti àárọ̀. Ẹ gbé e sórí tábìlì yìí, kí gbogbo Mùsùlùmí tó bá wá yọ eyín máa rí i, kẹ́ ẹ fọwọ́ tọ́ka sí i, kẹ́ ẹ ní omi inú èyí gan-an lẹ̀ ń wí. Tí wọ́n bá bá yín jiyàn, ẹ ní Ràbíátù ẹ̀gbọ́n ládánì ló ní kí wọ́n gbọ́ràn. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́. Kò sómi nínú rẹ̀, ó kàn wúwo ni.