Ọjọ́ Tí Wọ́n Sọ Bàbá Mi Di Alága Láìdìbò

Ìgbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge, tí mo ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán nílùú wa lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde… ẹ jókòó, ẹ gbọ́. Kẹ́mi, ọmọ ọmọ mi, pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Láti àárọ̀ lo ti ń bá a jà. O ní, "Grandma, ta ló vote fún prime minister tuntun yìí? Party wọn kàn mú un jókòó síbẹ̀ ni!" Wálé, ọmọ àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé sí ìlú òyìnbó níbí, ń rẹ́rìn-ín: "Kẹ́mi, máa dúpẹ́. Ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó ẹrù ẹ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sẹ́ni tó yìnbọn." Ẹ̀yin méjèèjì lẹ sọ òótọ́. Ó ṣẹlẹ̀ nílé wa rí.

Ẹgbẹ́ òṣèlú bàbá mi ló ń ṣèjọba ìbílẹ̀ nígbà yẹn. Ìlú ló dìbò yan alága, ọ̀rẹ́ bàbá mi sì ni. Ẹgbẹ́ ní iṣẹ́ ò lọ mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n pàdé ní pálọ̀ wa, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi bàbá mi síbẹ̀. Òfin gbà wọ́n láyè. Inú mi dùn… ọmọ alága! Ìyá mi nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó fi orúkọ mi pe bàbá mi, ó ní, "Bàbá Ṣadé, ta ló rán yín níṣẹ́ yìí?" Bàbá mi dé fìlà ẹ̀, ó bá wọn jáde.

Ẹ ò mọ bí ìlú ṣe ń dákẹ́ síni. Tí mo bá dé ìdí ẹ̀rọ omi, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu wọn. Bàbá mi fẹ́ tún gọ́tà ọjà ṣe, kò sẹ́ni tó yọjú. Wọ́n ní, "Àwa kọ́ la fi ọ́ síbẹ̀." Àgbàlagbà bíi tiẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ìwọ! Nígbà tó yá, èrò wọ́ dé iwájú ilé wa pẹ̀lú kẹrosíìnì. Ìyá mi tì mí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì…

Ẹ mọ ẹni tó gbà wá? Alága tí wọ́n yọ ni. Ó sáré dé, ó dúró ti bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Èmi tí wọ́n ṣe é sí rèé, mi ò rán yín. Ẹ gbé kẹrosíìnì yẹn padà sílé, ẹ lọ fi dáná. Ẹ bi í léèrè ìgbà tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ dìbò." Wọ́n yíjú sí bàbá mi. Bàbá mi ní, "Kí òjò ọdún yìí tó dá, ẹ ó dìbò."

Ẹgbẹ́ bínú. "Ṣé orí ẹ pé? Àsìkò wa ṣì pọ̀ nílẹ̀!" Kò gbọ́. Ìlú dìbò, bàbá mi fìdí rẹmi. Mo sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tó gba ọjà kọjá lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń dìde kí i láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ó délé, ó jẹun tán. Ó ti pẹ́ tó ti jẹun tán kẹ́yìn.

Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ olórí ìjọba lójú mi níbí ńkọ́? Woolwich là ń gbé, ìtòsí bárékè àwọn sójà. Mo rò pé àwọn sójà ti gbàjọba bíi tilé, mo tilẹ̀kùn pa. Mo ní kí bàbá àgbà yín má lọ síbi iṣẹ́. Mo ń yọjú lójú fèrèsé… sójà kankan ò jáde. Bọ́ọ̀sì ń lọ. Àwọn èèyàn ń gbé báàgì bọ̀ láti ọjà ní Powis Street, wọ́n ń jẹ ice cream! Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo ṣì ń dúpẹ́, Wálé. Ṣùgbọ́n Kẹ́mi ò jẹ̀bi. Kí òfin gbà wọ́n láyè, ó dáa. Kẹ́ni tuntun náà ṣáà tètè wá bi wá léèrè, kó jẹ́ ká dìbò. Lọ́jọ́ tó bá bi wá léèrè, Kẹ́mi, wá fà mí lọ síbi ìdìbò. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí… ọwọ́ tí mo fi ń dìbò ò ṣe nǹkan kan.